Ẹni Tí Mo Ka Ìwé Ìròyìn Fún

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n gbáko ni mo fi fọ́nnu kiri pé èmi ni mo jẹ́ ojú fún ọ̀gá mi nígbà tí ojú wọn ò ríran dáadáa. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi kó tó fẹ́ mi. Mo sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi títí ó fi sú wọn. Bí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi bá ń kùn pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù, màá ní kí wọ́n jókòó, màá ní èmi tí wọ́n ń wò yìí, ìwé ìròyìn ni mo ń kà sétí ọ̀gá mi láràárọ̀ kí n tó fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì, odidi ọdún méjì, ọ̀gá náà ò sì fi ọjọ́ kan kí mi kú iṣẹ́. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ ná.

Iṣẹ́ pátákó ni mo ń ṣe. Pátákó tí ẹ ń rí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, orúkọ tó wà lára ọkọ̀, ọ̀rọ̀ tó wà lára ògiri ilé ìwé, àwa la ń kọ ọ́. Ẹ̀rọ ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà mọ́ wa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ lẹ́tà tó dúró bí èèyàn ṣì ń wá mi wá. Ohun kan wà tí èmi kì í sọ nípa bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sọ ọ́ fún ọmọ kankan. Ohun náà ni pé nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mi ò mọ ìwé kà.

Mo lọ sílé ìwé o. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jókòó níbẹ̀. A, bí, dí, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orin. Ẹ fi lẹ́tà kan hàn mí, màá pe orúkọ rẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti tò wọ́n pọ̀, ojú mi á kàn máa lọ lórí wọn ni, kò sí ohun tí wọ́n ń sọ fún mi. Tíṣà ní olódo ni mí, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ nílé ni pé kò sí ohun tí mo rí tí mi ò lè yà. Bí tíṣà bá kọ̀wé sójú pátákó, ńṣe ni mo ń yà á sínú ìwé mi, láìku ẹyọ kan, ìwé mi sì mọ́ tónítóní ju ti gbogbo kíláàsì lọ.

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ni wọ́n gbà mí tọ́ nígbà tí ìyá mi kú. Wọn kì í ṣe ìkà, ṣùgbọ́n wọn ò ní sùúrù, èmi náà ò sì ní. Wọ́n fi mí sídìí iṣẹ́ aránṣọ, aránṣọ lé mi lóṣù kẹta torí pé mo gé ṣòkòtò bàbá kan mọ́ ìwọ̀n ọmọ rẹ̀. Wọ́n fi mí sí ṣọ́ọ̀bù oògùn. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò níbẹ̀, ẹ má bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìgbà náà ni àǹtí mi jókòó sí iwájú mi, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kẹta ló kù yìí, pé bí wọ́n bá tún lé mi, àwọn á kó ẹrù mi lọ sílé ẹ̀gbọ́n àwọn tó bí ọmọ mẹ́fà, kí n máa fọṣọ, kí n máa pọnmọ, títí ọkọ á fi dé. Mo mọ̀ pé wọn ò bá mi ṣeré. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ akọpátákó.

Bàbá Alámì ni gbogbo àdúgbò ń pe ọ̀gá náà. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu wọn, ọ̀dà kì í sì í ta sí aṣọ wọn. Wàhálà wọn ló bí orúkọ yẹn: pátákó kankan ò gbọdọ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù wọn láìní àmì ohùn lórí àti àmì ìsàlẹ̀ lábẹ́. Àwọn akọpátákó yòókù kì í fi ìyẹn da ara wọn láàmú. Àwọn oníbàárà á máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi àmì sílẹ̀, pé ta ló ń wò ó. Wọ́n á ní kí oníbàárà náà máa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, wọn ò sì ní bínú rárá. Ìyẹn ló ń ya èmi lẹ́nu, torí bí ó bá jẹ́ èmi ni, àá jọ pariwo mọ́ra wa.

Yàrá gbọọrọ kan ni ṣọ́ọ̀bù náà, fèrèsé méjì, tábìlì kan tí ọ̀dà ọdún pípẹ́ ti bo ojú rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì nínú agolo kẹrosíìnì, àti ìṣó lára ògiri tí à ń fi bébà kọ́. Ẹ fetí sí ti bébà yẹn dáadáa. Bí a bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ kan, a ó kọ́kọ́ yà á sórí bébà ńlá, a ó fi abẹ́rẹ́ lu ihò wẹ́wẹ́ tẹ̀ lé etí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. A ó wá gbé bébà lé pátákó, a ó fi èédú lílọ̀ tí a dì sínú aṣọ gbá a, ìlà ọ̀rọ̀ náà á sì hàn lórí pátákó, ó ku ká fi ọ̀dà kùn ún. Bébà ọ̀rọ̀ tí a bá rò pé a tún lè lò, a kì í jù ú nù, orí ìṣó là ń fi í kọ́ sí.

Iṣẹ́ yìí bá mi lára mu. Kí oṣù méjì tó pé, mo ti ń ya lẹ́tà ju àwọn tó ti lo ọdún méjì lọ. A jẹ́ mẹ́rin tí à ń kọ́ṣẹ́, èmi nìkan ni obìnrin, Atawẹ́wẹ́ sì ni wọ́n sọ mí, torí pé mo kéré, mo sì ń ta. Ẹni tó bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀ á gbọ́ èsì rẹ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn á fi ṣú. Ọkàn mi balẹ̀. Iṣẹ́ tí wọn ò ti ní kí n kàwé, tí wọ́n kàn ní kí n yà á, mo ní Ọlọ́run ló dìídì dá a sílẹ̀ fún mi.

Ó ṣe, obìnrin kan tó jẹ́ oníṣègùn eyín ṣí ilé ìwòsàn sí òpópónà wa, ó sì gbé iṣẹ́ pátákó ńlá kan fún wa. Ó kọ ohun tó fẹ́ sórí bébà pélébé kan: ÌTỌ́JÚ EYÍN. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbà yẹn, a ti kọ pátákó fún ẹlẹ́yin kan, ẸYIN TÚTÙ, bébà rẹ̀ sì wà lórí ìṣó. Ọ̀gá mi ní kí n máa ṣe ti oníṣègùn, àwọn fúnra wọn ń kọ ògiri ilé ìwé kan lódìkejì ìlú, ọjọ́ méjì ni wọn ò fi ní sí ní ṣọ́ọ̀bù. Mo fi ọwọ́ ara mi ya ÌTỌ́JÚ. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ kejì, mo wo bébà pélébé, mo wo orí ìṣó. E, Y, I, N. Lẹ́tà mẹ́rin náà ni mo rí níbí, àwọn náà ni mo rí lọ́hùn-ún. Ọ̀kan ní nǹkan kékeré lórí, èkejì ní nǹkan kékeré lábẹ́, mo ní bóyá ọwọ́ oníṣègùn ló gbọ̀n. Kí ni mo tún fẹ́ ya òmíràn fún? Mo gbé bébà ẹlẹ́yin, mo gbá ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ léèédú, mo fi ọ̀dà aláwọ̀ ojú ọ̀run kùn ún. Ká má purọ́, ó rẹwà. Awakọ̀ oníṣègùn wá gbé e nígbà tó gbẹ, wọ́n sì kàn án mọ́ ẹnu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan fi adìẹ há abíyá, ó wọ ilé oníṣègùn eyín. Ó ní òun rí i pé wọ́n ń tọ́jú ẹyin, pé adìẹ òun ò yé mọ́ láti oṣù tó kọjá.

Ohùn oníṣègùn la kọ́kọ́ gbọ́ ká tó rí òun fúnra rẹ̀. Ọ̀gá mi ti dé, gbogbo wa la wà níbẹ̀. Obìnrin náà ní ta ló fi òun ṣẹ̀sín, ta ni kò mọ eyín yàtọ̀ sí ẹyin nínú wa. Ó sọ ti adìẹ, àwọn mẹ́ta tó kù sì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń di ògiri mú. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ti parí fún mi. Ilé ẹ̀gbọ́n àǹtí mi ni mo ń wò lọ́ọ̀ọ́kán, ọmọ mẹ́fà, aṣọ rẹpẹtẹ. Mo rí i tí ọ̀gá mi wo orí ìṣó, tí wọ́n wo bébà pélébé lórí tábìlì, tí wọ́n wá wò mí. Ẹni tó mọ ìwé kà lè gbàgbé àmì, ṣùgbọ́n kò lè gbé bébà ẹlẹ́yin lé orí eyín kó má mọ̀.

“Èmi ni mo kọ ọ́,” ọ̀gá mi ní. “Ẹ má bínú. Ojú mi ni.”

Wọ́n gbé àkàbà, wọ́n lọ tún un kọ lójú gbogbo èèyàn. Ẹ wò ó, Bàbá Alámì, ẹni tó ń fi àmì dá gbogbo ìlú lágara, àwọn ni wọ́n gbà pé àwọn kọ ẹyin sípò eyín. Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí orúkọ wọn fi di Dókítà Adìẹ. Àwọn akọpátákó ẹgbẹ́ wọn á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa ké bí adìẹ tó fẹ́ yé, ọ̀gá mi á kàn máa kun iṣẹ́ wọn lọ. Wọ́n jẹ́ orúkọ yẹn títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Mo retí kí wọ́n pè mí sí kọ̀rọ̀. Mo ti to irọ́ mẹ́rin sílẹ̀. Wọn ò pè mí. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú ìwé ìròyìn wá láti ilé, wọ́n ní kí n máa dé ní wákàtí kan ṣáájú àwọn yòókù. Wọ́n ní ojú àwọn ti ń bàjẹ́, pé lẹ́tà ńláńlá ò yọ àwọn lẹ́nu, àwọn wẹ́wẹ́ inú ìwé ìròyìn ló ń bá àwọn jà. Mo fẹ́ sọ pé ọ̀fun ń dùn mí. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ní àwọn ò ní kí n kà á. Kí n kàn máa pe lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn á máa so ó pọ̀ fúnra àwọn. Mo mí kanlẹ̀. Pípe lẹ́tà, èyí tí mo mọ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ náà ni mo ti sọ fún ara mi pé ọ̀gá ò fura sí mi rárá, àìfarabalẹ̀ ni wọ́n rò pé ó ṣe mí lọ́jọ́ yẹn, torí ta ló mọ̀ pé èèyàn ò mọ̀wé tí á tún ní kó wá bá òun ka ìwé ìròyìn?

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Èmi ń pè, ọ̀gá ń so. Màá ní B, màá ní A, màá ní T, màá ní A. Wọ́n á pa ojú dé, wọ́n á bi mí pé nǹkan orí rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ń gòkè ni àbí ó ń sọ̀kalẹ̀. Bó bá ń gòkè, mí ni. Bó bá ń sọ̀kalẹ̀, dò ni. Bí kò bá sí nǹkan kan, re ni. Màá ní méjèèjì ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n á wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́: dò, dò, bà, tà, bàtà. Nígbà mìíràn, wọ́n á so ó pọ̀ lódì, wọ́n á pe ọ̀rọ̀ tí kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni láyé yìí, inú á sì bí mi, torí inú mi kì í pẹ́ bí. Màá ní ọ̀gá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀, báyìí ni. Ó tó oṣù mẹ́rin kí n tó ṣàkíyèsí pé èmi ni mo ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ ṣáájú wọn. Ẹ wo bí òmùgọ̀ ṣe ń ṣe: inú mi ń dùn pé mo já fáfá ju ọ̀gá mi lọ.

Nígbà tó fi máa pé ọdún kan, mo ń ka odidi ojú ìwé. Nígbà tó fi máa pé méjì, mo ń ka gbogbo rẹ̀, mo sì ń bá àwọn tó kọ ọ́ jà. Lọ́jọ́ tí mo parí iṣẹ́ kíkọ́, ọ̀gá mi wo pátákó tí mo fi dágbére, wọ́n ní àmì mi dúró dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi kì í ṣe abaramóorejẹ. Ọ̀rọ̀ oníṣègùn eyín yẹn ò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. Kò sí oṣù tí mi ò dé ilé ọ̀gá mi, orúkọ wọn ni mo fi sọ ọmọ mi ọkùnrin, nígbà tí ìyàwó wọn sì kú, èmi ni mo jókòó tì wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n lọ́kàn mi lọ́hùn-ún, mo gbà pé a jọ ṣe ara wa lóore ni. Wọ́n bá mi ru ẹ̀bi, èmi náà bá wọn fi ojú ríran. Ìdí tí mo fi ń fọ́nnu nìyẹn.

Oṣù tó kọjá ni ọmọ wọn obìnrin pè mí lórí fóònù. Tíṣà ni, ó fi ọdún mẹ́jọ kéré sí mi, Àǹtí ló sì ń pè mí. Ó ní láti bí ọdún méjì ni nǹkan funfun ti ń bo ojú bàbá òun, ó ti wá bò ó tán báyìí, wọn ò dá òun mọ̀ mọ́ àfi bí òun bá sọ̀rọ̀. Dókítà ojú fẹ́ rí wọn lọ́jọ́bọ̀. Ó bẹ̀ mí kí n bá àwọn lọ, pé bàbá máa ń gbọ́ tèmi. Mo ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni dókítà náà, ohùn rẹ̀ tutù. Ó fi iná wo ojú ọ̀gá mi fún ìgbà pípẹ́, ó sì jókòó. Ó ní awọ funfun yẹn ti nípọn débi pé òun ò rí ẹ̀yìn ojú, nítorí náà ẹnu wa ni òun máa fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Bó bá jẹ́ pé ọdún méjì yìí ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, awọ yẹn nìkan ni, òun á yọ ọ́, wọ́n á sì ríran. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá ti ríran dáadáa láti ọdún gbọọrọ sẹ́yìn, á jẹ́ pé inú ojú lọ́hùn-ún ló ti kú, òun ò sì ní fi abẹ kan ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin lásán nígbà tí àwọn tó ṣeé là lójú ń dúró. Ó wá béèrè pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ wọn ní ọdún méjì. Ẹnu mi yìí, kí ló ń yún un? Mo ní rárá o, dókítà, ọmọ ni, kò lè mọ̀. Mo ní ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Mo na ọrùn, mo ní èmi tí ẹ ń wò yìí ni mo ń ka ìwé ìròyìn fún wọn láràárọ̀ nígbà yẹn, wọn ò rí lẹ́tà wẹ́wẹ́ rárá. Mo rò pé òtítọ́ ni mo fi ń ran dókítà lọ́wọ́.

Dókítà gbé bírò sókè. Ọmọ wọn yíjú sí mi, ó ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé nígbà náà, bàbá òun ló ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ fún màmá òun. Dókítà sún mọ́ ọ̀gá mi. Ó bi ọ̀gá mi léèrè bóyá ohun tí mo sọ yẹn rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá mi kọjú síbi tí ohùn mi ti ń wá.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” wọ́n ní. “Òun ló ń kà á fún mi.”

Dókítà mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sílẹ̀. Omi ti bọ́ lójú ọmọ wọn. Ó ní, “Àǹtí, ìwé ìròyìn tí ẹ ń sọ yẹn, ilé ni bàbá mi ti ń kà á tán kí wọ́n tó gbé e jáde. Wọ́n ń kà á sókè fún màmá mi níbi tá a ti ń jẹun. Mo ń gbọ́.”

Inú ti ń bí mi, mo ti fẹ́ bi í pé ṣé irọ́ ni mo ń pa ni. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ ronú padà sẹ́yìn. Mo rántí ọ̀gá mi tí wọ́n ń pa ojú dé, tí wọ́n ń sọ fún mi pé kí n padà sí ìlà òkè, mo fo ọ̀rọ̀ kan. Mo rántí tí wọ́n ń ní kí n ka èyí tó wà lábẹ́ àwòrán ọkọ̀ ojú omi yẹn. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé mo fò ó? Mo rántí pé ní wákàtí kan lẹ́yìn tí mo bá kàwé tán, ọ̀gá kan náà tí lẹ́tà wẹ́wẹ́ ń bá jà á mú búrọ́ọ̀ṣì onírun mẹ́ta, wọ́n á fi àmì sórí lẹ́tà tí kò tóbi ju èékánná lọ, lójú mi, ọwọ́ wọn ò sì ní gbọ̀n. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi rí nǹkan wọ̀nyí tí mi ò rí wọn.

Mo wo ojú wọn. Wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, ọwọ́ lórí orúnkún, bí ẹni tó ti ṣe ohun tó bá wá. Ó wá yé mi. Bí wọ́n bá sọ pé ojú àwọn ò ṣe nǹkan kan nígbà yẹn, wọ́n á bi wọ́n pé kí ló dé tí èmi fi ń kàwé fún wọn, ìdáhùn kan ṣoṣo ló sì wà fún ìyẹn. Wọ́n fẹ́ fọ́jú kí wọ́n má bàa sọ ọ́.

Mo wo yàrá náà yíká. Ọmọ wọn tó jẹ́ tíṣà wà níbẹ̀, ilé ìwé tó ti ń kọ́ni ni ọmọ mi ń lọ. Nọ́ọ̀sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Pátákó tó wà níwájú ọsibítù yẹn, èmi ni mo kọ ọ́, orúkọ mi wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí bíi ti ọjọ́ tí oníṣègùn eyín dé, kódà ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

“Dókítà, ẹ dúró,” mo ní. “Ojú wọn ò ṣe nǹkan kan nígbà yẹn. Èmi ni mi ò mọ ìwé kà. Wọ́n díbọ́n pé àwọn ò ríran kí n lè kọ́ ọ, kí ojú má tì mí. Ìsinsìnyí ni èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.”

Dókítà béèrè bóyá ó dá mi lójú, mo ní ó dá mi lójú ju orúkọ mi lọ. Ó fa igi lé ohun tó kọ, ó kọ òmíràn, ó sì ní kí ọ̀gá mi padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun fún iṣẹ́ abẹ. Ọmọ wọn di ọwọ́ mi mú.

Nígbà tó lọ gba ìwé ní fèrèsé, ó ku èmi àti ọ̀gá mi lórí bẹ́ǹṣì lóde. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ìbínú ni mo kọ́kọ́ fi bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ní ṣé nítorí ìtìjú mi ni wọ́n ṣe fẹ́ fọ́jú, ta ló rán wọn níṣẹ́ yẹn, ṣé mo bẹ̀ wọ́n ni? Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“Àṣírí rẹ ni,” wọ́n ní. “Kì í ṣe tèmi láti sọ.”

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, mo di orúnkún wọn mú. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi pọ̀, ẹ ṣé nìkan ló jáde, mo sì ń tún un sọ ṣáá. Mo sunkún bí ọmọdé. Ọ̀gá mi ní kí n dìde, ilẹ̀ náà tutù, mi ò dìde. Obìnrin kan tó ń kọjá rò pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wá, ó fọwọ́ lé mi léjìká, ó ní kí n mọ́kàn le, ó béèrè ẹni tó kú.

“Kò sẹ́ni tó kú,” mo ní. “Ọ̀gá mi nìyí. Mi ò mọ ìwé kà, àwọn ni wọ́n kọ́ mi.”